Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò?

Lẹ́tà kan dé láti Òṣogbo. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 16, wà ní SS3. Tíṣà Báyọ́lọ́jì kọ́ wọn ní èfólúṣọ̀n, ìyẹn bí ohun alààyè ti ń yí padà láti ìran dé ìran, ọmọ délé, ó sọ nídìí oúnjẹ pé ìtàn Ádámù àti Éfà kì í ṣe ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Láti ọjọ́ náà, òun àti bàbá rẹ̀ ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Ìyá ń béèrè bóyá kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n gbé e lọ sí Áàtì, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Kí n lè mọ bí agídí ọmọ náà ti tó, ó fi èyí kún un:

"Kódà, ó ń ta ko ìwòsàn àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún 7 ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, SS ni jẹ́nótàìpù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní ìparí Oṣù Kọkànlá. Ní Oṣù Kìíní a gbé e lọ sí ìsọjí, wọ́n gbàdúrà fún un. A ṣe tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kejì, AS ló jáde. A ti dá folic acid, Paludrine tó ń dènà ibà, àti kápúsù rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n yẹ̀ wò. Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn yẹ lẹ́nu ọmọ onígbàgbọ́? Kò tíì ní kíráísìsì kankan láti ìgbà náà, àfi ojú rẹ̀ tó ń pọ́n díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibà ni."

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, ẹ gbé Ádámù àti Éfà sílẹ̀ ná. Ojú ewé méjì lẹ fi ṣàròyé nípa tíṣà, ìlà mélòó kan péré lẹ fi sọ fún mi pé ẹ ti gba oògùn lẹ́nu ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọkùnrin yín tọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ bá mi ka ọjọ́. Ìparí Oṣù Kọkànlá ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Àárín Oṣù Kìíní lẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sẹ̀ méje ló wà láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ pé ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ SS kì í ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ tí á fi fọ́. Lọ́sẹ̀ keje, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi tọrẹ ṣì ń rìn kiri nínú iṣan ọmọ yín, A sì wà nínú rẹ̀. Ti ọmọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ni S. Láàbù fa ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ sínú ìgò kan, wọ́n rí A, wọ́n rí S, wọ́n kọ AS. Wọn ò purọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Ẹ̀yin lẹ ò sọ fún wọn pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, àwọn náà ò sì bi yín, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú abẹ́rẹ́.

Lẹ́tà "SS di AS" ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá yín lóhùn ní gbangba. Tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára, á jẹ́ pé tẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣe, èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi oògùn láti wò ó bóyá á ṣú. Tó bá ṣú, ó fi hàn pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. AS á ṣú, SS náà á ṣú. Ẹni tó bá fi irú tẹ́ẹ̀sì yẹn sọ fún yín pé AS lọmọ yín ń méfò ni.

Ẹ ní kò tíì ní kíráísìsì. Kí ló fẹ́ mú un ní in nígbà náà? Ẹ̀jẹ̀ tó dára tí wọ́n fún un ṣì ń bá a gbé ẹrù. Kápúsù tí dókítà ní kó máa lò lójoojúmọ́, tí mo gbà pé hydroxyurea ni, máa ń mú kí ara pèsè irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í jẹ́ kí S tètè lọ́ bíi dòjé. Ó ń gba oṣù mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, kì í sì í lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a dúró. Oògùn tí ẹ kọ̀ sílẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀ ló ń bá yín tọ́ ọmọ láti Oṣù Kìíní. Àwọn méjèèjì ti ń tán lọ.

Ojú tó ń pọ́n yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé wọ́n ti ń tán. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ mú un jáde sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ má wò ó lábẹ́ gílóòbù. Ẹ ní kó wo ilẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú òkè sókè díẹ̀. Bí funfun ojú bá ti gba àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ ló ń fọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: tí inú rẹ̀ ò bá pupa, tó funfun bí ẹran tí wọ́n ti bọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ bi í léèrè àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó fúnra yín, bóyá ó ti ń dà bíi kóòkì. AS kì í ṣe ọmọ báyìí. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, àmọ́ ibà lára ọmọ SS tí wọ́n ti gba Paludrine lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi lẹ́tà méfò. Màlíríà wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù ní ilẹ̀ yìí.

Lálẹ́ òní, ẹ wá káàdì kíníìkì rẹ̀. Ẹ fún un ní folic acid àti Paludrine rẹ̀ padà, iye tí dókítà kọ síbẹ̀ ni kí ẹ lò, nítorí bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n Paludrine. Ẹ má fi ìlọ́po méjì san èyí tí ẹ ti pàdánù. Kápúsù nìkan ni kí ẹ má dá bẹ̀rẹ̀. Hydroxyurea lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù jù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sí i, wọ́n á sì máa kà á lóòrèkóòrè lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣí kápúsù náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Lọ́la, ẹ gbé e lọ sí kíníìkì tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má dúró de ọjọ́ Sunday. Ẹ ní kí wọ́n wo PCV rẹ̀, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò ibà, kí dókítà sì fi ọwọ́ wá abẹ́ egungun ìhà òsì rẹ̀, bóyá nǹkan wú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ẹ̀yin náà bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wá a, kí ẹ lè máa ṣe é nílé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmọ́mítà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú bá a nílé. Bí àyà bá ń dùn ún, tó ń mí gúlegúle, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kí ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ń mú ọmọdé tó bá jẹ́ SS. Ẹ béèrè tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré sí nínú iṣan ọpọlọ. Ó yẹ kí wọ́n ti máa ṣe é fún un láti ọmọ ọdún méjì, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ sí ìsọjí òru ńkọ́? Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ mú un dání, sùwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, ike omi, àti ibi tó máa sùn sí. Òtútù àti òǹgbẹ wà lára ohun tó ń fa kíráísìsì. Ó nílò tó lítà kan àbọ̀ sí méjì omi lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ bá yín gba ààwẹ̀ gbígbẹ, ì báà jẹ́ ti òwúrọ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì wá kù. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kẹ́yìn ni kí ẹ tún un ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí bébà, kí ẹ fún láàbù. Bí wọ́n bá tún fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láàárín ìgbà yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà náà lọ́tun. HPLC ni kí ẹ béèrè, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ tó ń ya A àti S sọ́tọ̀, kí wọ́n sì tẹ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gba bébà tí wọ́n kọ lẹ́tà méjì sí lásán. Ọmọ tó jẹ́ AS lóòótọ́, A rẹ̀ máa ń pọ̀ ju S lọ, S kì í sábà ju nǹkan bí 40 nínú 100. Ọmọ SS tí ẹ̀jẹ̀ àlejò ti kúrò lára rẹ̀ kò ní A rárá. Tí ẹ ò bá fẹ́ dúró, tẹ́ẹ̀sì DNA wà, ó gbówó lórí, ṣùgbọ́n àbùdá tí a bí ọmọ mọ́ ọn ló ń wò. Ẹ má rò pé ẹ ó fi èsì wo ìwòsàn nìkan o. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ọmọ yìí ń ṣàìsàn lójú dókítà tí kò mọ̀ ọ́n, tí ẹ na bébà AS sí i, dókítà á máa wá àìsàn mìíràn, ọmọ á sì máa jẹ̀rora.

Bàbá wọn ní ẹni tó bá tún lo oògùn ń pe Ọlọ́run ní òpùrọ́. Ẹ ṣí Bíbélì yín fún un. Nínú Lúùkù orí 17, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké sí Jésù, Jésù sì ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà. Ìdí ni pé òfin Léfítíkù fi àyẹ̀wò lé àlùfáà lọ́wọ́. Ẹ ka orí 13. Tí ọ̀rọ̀ ò bá dá àlùfáà lójú, kì í tètè kéde. Á sé ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ méje, á tún un wò, tí kò bá tíì hàn, á tún sé e mọ́ fún ọjọ́ méje mìíràn. Dídúró kí a tó tún wò, Mósè ló ti pa á láṣẹ. Hesekáyà ńkọ́, nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20? Ọlọ́run ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀ kí Àìsáyà tó ní kí wọ́n gbé ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé eéwo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀pọ̀tọ́ yẹn pe Ọlọ́run ní òpùrọ́.

Mo mọ ibi tí èrò bàbá wọn ti wá, mi ò sì fi ṣẹ̀sín. Àwọn kan lára àwọn tó dá ìjọ aládùúrà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá gbà pé àdúrà nìkan tó, débi pé nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń lo kuíníìnì, ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó pín wọn níyà ní nǹkan bí 1940. Àgbàlagbà ni wọ́n, ara tiwọn ni wọ́n fi ń jà. Ọmọ ọdún méje kò bá yín dìbò.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi bàbá wọn. Ìjọ yín ò ní so yìgì fún ẹnikẹ́ni láì rí bébà jẹ́nótàìpù, ọ̀pọ̀ ìjọ ti sọ ọ́ di òfin báyìí. AS méjì bá dé iwájú pásítọ̀, ó ní kí wọ́n pínyà. Báwo ni láàbù ṣe wá jẹ́ olóòótọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ó sì di ọ̀tá ìgbàgbọ́ nígbà tí ọmọ yín ọkùnrin ní kí wọ́n tún tẹ́ẹ̀sì ṣe?

Ẹ tún ń ṣe ohun kan tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ń ṣe. Ẹ ti gbé orúkọ Ọlọ́run kọ́ sórí bébà láàbù Oṣù Kìíní. Nígbà tí èsì tòótọ́ bá dé, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Ẹnìkan á sọ pé àìgbàgbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ìwòsàn nù. Ọmọbìnrin yẹn á sì máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí òun dá lórí ibùsùn ọsibítù. Ẹ tètè sọ fún un kó tó dìgbà náà, láti ẹnu yín, pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí i mọ́ ni, kò ṣẹ̀, Ọlọ́run ò bínú sí i, àdúrà ń lọ, oògùn náà ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n wá. Ìbéèrè yín gan-an, ìdáhùn mi ni rárá. Ọmọ SS3 tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, ibo lẹ fẹ́ gbé e lọ ní Áàtì? Ìdánwò dé tán. Ẹ sì wo ohun tí ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn ló ṣàlàyé ìdí tí ilé yín fi ní S. Ní 1954, dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison tẹ ìwádìí rẹ̀ láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà jáde: ọmọ tó jẹ́ AS, màlíríà kì í rí i gbé ṣe bó ti ń ṣe ọmọ AA. Nílẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ bíi tiwa, ibà ń mú ọmọ AA lọ, ẹ̀jẹ̀ ń mú ọmọ SS lọ, AS ń dàgbà, ó ń bímọ, ó ń fi S sílẹ̀ fún ọmọ. Ìran lẹ́yìn ìran, S ò tán. Lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Èfólúṣọ̀n nìyẹn, nínú iṣan ẹ̀yin àti bàbá wọn. Àwọn baba ńlá wa rí i pé ilé kan ń sin ọmọ léraléra, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, wọ́n kọ òkú ọmọ nílà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni SS, ṣùgbọ́n SS wà nínú wọn. Ìbànújẹ́ wọn kò kéré sí tiyín, ohun tí ẹ mọ̀ lẹ fi jù wọ́n lọ, ẹ sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ yín.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìgbàgbọ́ àti sáyẹ́ǹsì pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kàn wọ́n. Ẹ wá ẹ̀wà funfun méjì àti ẹ̀wà pupa méjì. Ẹ fi funfun kan àti pupa kan sínú ife kan, òun ni bàbá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ife kejì, òun ni ìyá. Funfun ni A, pupa ni S. Kí ọmọ dijú, kó mú ẹyọ kan nínú ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n kọ ohun tó jáde sílẹ̀, kí wọ́n dá ẹ̀wà padà síbi tí wọ́n ti mú un. Kí wọ́n ṣe é nígbà 40. Pupa méjì á jáde ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, ó lè jẹ́ méje, ó lè jẹ́ mẹ́tàlá. Kí wọ́n wo ibi tí pupa méjì ti jáde léraléra. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé "ẹyọ kan nínú mẹ́rin" kì í ṣe ìlérí pé tí ẹ bá ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ń mú tirẹ̀ lọ́tun láti inú ife méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó kàwé ni kò mọ ìyẹn, ó sì ti ba ilé jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún bàbá wọn pé Gregor Mendel, tó kọ́kọ́ rí ìṣirò yìí, mọ́ńkì Kátólíìkì ni, inú ọgbà ilé ìsìn wọn ní Brno ló ti gbin píìsì rẹ̀, ọdún 1866 ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò fi ìsìn sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà.

Ọmọ yín ò ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò síbi tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Jẹ́nẹ́sísì kì í ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ tí bàbá àti ọmọ lè jókòó sọ ni, láìsí igbe, ó sì lè gbà wọ́n lọ́dún púpọ̀. Àmọ́ lórí àbúrò rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bá a jiyàn lé. Kó bá yín lọ sí kíníìkì lọ́la, kó mú ìwé kékeré kan dání, kó kọ PCV rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì tó ń bọ̀, kó sì béèrè ohun tí kò bá yé e lọ́wọ́ dókítà. Kí ẹ tó kúrò nílé, kí bàbá rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.